Páìpù àti Wáyà Ló Ń Pa Pọ́ǹpù: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé

Lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa lórí pọ́ǹpù ilé-iṣẹ́ pọ̀ lóṣù yìí, ohùn kan náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ: pọ́ǹpù tuntun tí kò tíì lo ọdún kan ti ń pariwo, ó ti ń gbóná, tàbí kẹ̀ mọ́tò rẹ̀ ti jóná. Kí ẹ tó ka ìdáhùn wa, ẹ jẹ́ ká sọ èyí fún yín: pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ kì í sábà jẹ̀bi. Ohun tí wọ́n so mọ́ ọn ló ń pa á, ìyẹn páìpù tó ń fa omi wá, páìpù tó ń gbé omi lọ, àti wáyà tó ń gbé iná wá. Àwọn mẹ́ta yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ẹ tó tú pọ́ǹpù palẹ̀.

Pọ́ǹpù tó ń dún bí ẹni pé òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Pọ́ǹpù wa ń fa omi láti inú kòtò. Láti ojú omi dé ara pọ́ǹpù jẹ́ mítà 4.5. Ẹnu ìfami rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 80, ṣùgbọ́n páìpù mìlímítà 65 la bá nílẹ̀, òun la sì lò. Páìpù náà gùn tó mítà 9, ẹ́líbò mẹ́rin ló wà lára rẹ̀. Kúbíìkì mítà 36 ló yẹ kó máa gbé ní wákàtí kan, kò gbé tó bẹ́ẹ̀, ariwo rẹ̀ sì pọ̀. Nígbà tí a tú u, abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ ti di oníhò kéékèèké káàkiri. Ṣé irin ayédèrú ni wọ́n fi ṣe é ni?*

Rárá o, ẹ má bá irin jà. Páìpù ìfami yín ló kéré jù.

Afẹ́fẹ́ ojú ayé ló ń tẹ omi inú kòtò, tó ń tì í gòkè wọ páìpù. Iṣẹ́ abẹ̀bẹ̀ inú pọ́ǹpù ni pé kó sọ ẹnu ọ̀nà di fífúyẹ́ kí omi lè ráyè wọlé. Ní etí òkun, agbára afẹ́fẹ́ yẹn kò lè gbé omi kọjá mítà 10.3. Bí ilé-iṣẹ́ yín bá wà lórí ilẹ̀ tó ga ní mítà 1000, ẹ yọ bíi mítà 1.2 kúrò nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tí ọ̀nà ìfami bá jẹ, inú mítà 10.3 yìí ló ti ń jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò tiyín. Gíga kòtò jẹ mítà 4.5. Kúbíìkì mítà 36 ní wákàtí kan jẹ́ lítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú páìpù mìlímítà 65, eré tí omi náà ń sá jẹ́ mítà 3 ní ìṣẹ́jú àáyá, eré yẹn sì ti pọ̀ jù fún ọ̀nà ìfami. Bí omi ti ń ha ara páìpù, tó ń gba inú ẹ́líbò mẹ́rin àti foot valve ìsàlẹ̀ (fáàfù ẹnu páìpù tí kì í jẹ́ kí omi padà sínú kòtò) kọjá, ó ti pàdánù bíi mítà 3. Omi tó wà ní digíríì 20 tún nílò mítà 0.24 kó má bàa di oru. Ohun tó kù fún pọ́ǹpù kò ju mítà 2.5 lọ. Ẹ wá ṣí ìwé pọ́ǹpù yín, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ NPSH (agbára omi tí pọ́ǹpù nílò lẹ́nu ìfami rẹ̀) sí, kí ẹ wo mítà tó béèrè fún ní ìwọ̀n omi tí ẹ ń fà. Bí ìwé bá sọ pé 3 tàbí 3.5, ẹ ti rí ẹ̀ṣẹ̀ náà.

Nígbà tí ohun tó kù kò bá tó ohun tí pọ́ǹpù béèrè, omi á máa hó lẹ́nu abẹ̀bẹ̀ láìgbóná. Àpò oru kéékèèké á yọ nínú omi, wọ́n á bá omi lọ dé ibi tí agbára ti pọ̀ lára abẹ̀bẹ̀, wọ́n á sì fọ́ lójijì. Ìfọ́ yẹn ni ariwo tí ẹ ń gbọ́, òun náà ló ń gbẹ́ irin jẹ. Irin tó le jù á kàn pẹ́ díẹ̀ sí i ni, òun náà á jẹ.

Ẹ yọ páìpù 65 náà kúrò pátápátá. Páìpù ìfami kò gbọdọ̀ kéré sí ẹnu pọ́ǹpù láéláé. Kó fi ìwọ̀n kan jù ú ló tọ́. Ẹ lo mìlímítà 100, kí ẹ sì dín ẹ́líbò kù sí méjì. Eré omi á wálẹ̀ sí bíi mítà 1.3 ní ìṣẹ́jú àáyá, 1.5 ni ó dára kí a má kọjá lọ́nà ìfami. Ohun tí omi ń pàdánù á wálẹ̀ sí ìdajì mítà, ohun tó kù fún pọ́ǹpù á sì gòkè sí mítà 5. Ìyẹn tó. A fẹ́ kí ohun tó kù fi ìdajì mítà sí mítà kan ju ohun tí ìwé béèrè lọ, kí àlàfo wà fún ìgbà tí asẹ́ bá dọ̀tí tàbí tí omi kòtò bá lọ sílẹ̀.

Bí ẹ ti ń ti 100 bọ́ sí 80 lẹ́nu pọ́ǹpù, ẹ lo rìdúsà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan tẹ́jú, kí ẹ̀gbẹ́ títẹ́jú náà sì wà lókè. Rìdúsà tó dín kù bákan náà yíká máa ń kó afẹ́fẹ́ jọ sókè rẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn á sì máa já wọ pọ́ǹpù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí páìpù gbọọrọ tí kò tẹ̀ wà ṣáájú ẹnu pọ́ǹpù, ìlọ́po 5 fífẹ̀ páìpù ó kéré tán, ìlọ́po 10 bí àyè bá wà. Fún páìpù 100, ìdajì mítà sí mítà kan nìyẹn. Ẹ́líbò tó lẹ̀ mọ́ ẹnu pọ́ǹpù á jẹ́ kí omi rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan abẹ̀bẹ̀ ju èkejì lọ, béárìn ló sì máa jìyà rẹ̀. Páìpù tó lọ gbalaja gbọ́dọ̀ máa gòkè bọ̀ wá sí pọ́ǹpù, sẹ̀ǹtímítà 2 lórí mítà kọ̀ọ̀kan, láìsí ibi kankan tó yọ gbùù sókè bí òkìtì. Ẹ rì ẹnu ìsàlẹ̀ páìpù sínú omi tó bíi ìdajì mítà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú omi á máa yí gbiri, á sì máa gbé afẹ́fẹ́ mì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fa omi gbígbóná, ọ̀rọ̀ tiyín tún le jù báyìí lọ. Omi digíríì 60 nìkan ti gba mítà 2 nínú 10.3 yẹn, omi digíríì 80 gba bíi mítà 5. Ẹ gbé táńkì ga ju pọ́ǹpù lọ kí omi máa fúnra rẹ̀ sàn wọlé. Ẹ má ṣe gbìyànjú láti fà á láti ìsàlẹ̀.

Omi kì í dúró nínú pọ́ǹpù di àárọ̀

*Láràárọ̀ ni à ń tún omi rọ sínú pọ́ǹpù kó tó lè ṣiṣẹ́. A ti pààrọ̀ foot valve lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀wọ́, kí ló kù?*

Ẹ lọ wo oríkèé páìpù. Oríkèé tí kò jo omi síta lè máa fa afẹ́fẹ́ sínú, nítorí pé nígbà tí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́, agbára inú páìpù ìfami kéré sí ti afẹ́fẹ́ ìta. Ẹ fi omi ọṣẹ pa oríkèé kọ̀ọ̀kan lára bí pọ́ǹpù ti ń ṣiṣẹ́; ibi tí ọṣẹ bá ti ń wọlé ni ihò wà. Bí ẹ bá pa pọ́ǹpù, ẹ kún páìpù ìfami dẹ́nu, kí ẹ fi pọ́ǹpù ìdánwò ọlọ́wọ́ tẹ̀ ẹ́ dé bar 2 fún ìdajì wákàtí, kí ẹ sì máa wo ibi tó bá ń rin. Bí gbogbo oríkèé bá gbẹ ṣùgbọ́n tí géèjì ń wálẹ̀, a jẹ́ pé foot valve ni.

Foot valve tuntun náà sì lè máa jò bí ìdọ̀tí bá há sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e sókè tó sẹ̀ǹtímítà 30 kúrò nílẹ̀ kòtò, kó dúró lóòró, kí gbogbo ihò asẹ́ rẹ̀ lápapọ̀ sì tó ìlọ́po 3 sí 4 àyè ojú ihò páìpù. Bí pọ́ǹpù yín bá ń lo pákínnì (okùn tí wọ́n fi ń dí ibi tí ọ̀pá ti jáde lára pọ́ǹpù), afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ náà wọlé. Páìpù tín-ín-rín kan láti ẹnu ìtújáde wá sí òrùka inú pákínnì á fi omi dí i.

Check valve àti gate valve, èwo ló ṣáájú?

*Àwọn kan ní check valve ló gbọ́dọ̀ sún mọ́ pọ́ǹpù, àwọn kan ní gate valve ni. Ẹ bá wa dá sí i.*

Check valve, ìyẹn èyí tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn, ló wà láàárín pọ́ǹpù àti gate valve, ìyẹn èyí tí a ń fọwọ́ ṣí tàbí tì. Bí check valve bá bàjẹ́, ẹ lè ti gate valve kí ẹ tú u láìda omi inú gbogbo ilé nù. Ẹ fi géèjì sáàárín pọ́ǹpù àti check valve, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kó lè máa sọ agbára pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ fún yín. Lọ́nà ìtújáde, eré omi tó mítà 2 sí 3 ní ìṣẹ́jú àáyá dára.

Ọ̀rọ̀ yìí wà fún pọ́ǹpù alábẹ̀bẹ̀ o. Pọ́ǹpù onípísítìn àti oníjíà kò mọ ìgbà tí ọ̀nà ti dí. Ó kàn ń tì ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ti gate valve mọ́ ọn, páìpù á bẹ́ tàbí ọ̀pá rẹ̀ á ṣẹ́. Fáàfù tó ń tú agbára nù gbọ́dọ̀ wà láàárín òun àti ohunkóhun tí ọwọ́ lè tì.

Rọ́bà coupling ń jẹ ṣáá

*Ó ti tó ìgbà mélòó kan tí a ti pààrọ̀ rọ́bà coupling àárín mọ́tò àti pọ́ǹpù. Béárìn ẹ̀gbẹ́ coupling náà ń gbóná. Ẹni tó gbé e kalẹ̀ ní òun ti to mọ́tò àti pọ́ǹpù gún régé kí òun tó so páìpù.*

Ẹ wo gbólóhùn yín tó kẹ́yìn yẹn. Ó tò ó *kó tó* so páìpù, kò sì padà wò ó lẹ́yìn tí ó so páìpù tán. Páìpù ló fà á kúrò lójú ọ̀nà.

Ẹ dán an wò báyìí. Ẹ pa iná, ẹ fi àgádágodo ti ìyípadà rẹ̀. Ẹ gbé géèjì olójú aago lé orí coupling, kí ó máa wo ọ̀pá pọ́ǹpù láti òkè àti láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ tú bóòtù flange (irin pẹlẹbẹ ẹnu páìpù tí a fi bóòtù so mọ́ pọ́ǹpù) ti ìfami, ẹ tú ti ìtújáde tẹ̀ lé e, kí ẹ máa wo abẹ́rẹ́ géèjì. Bí abẹ́rẹ́ bá yí kọjá mìlímítà 0.05, páìpù ń fa pọ́ǹpù. Bí bóòtù bá jáde tán tí ojú flange méjèèjì ta kúrò lára ara wọn, ẹ kò nílò géèjì mọ́. Flange tó tọ́ á dúró síbi tó wà, ojú rẹ̀ á dọ́gba, bóòtù á sì fọwọ́ lásán wọlé láìfi irin jàn án.

Bó ṣe yẹ kí iṣẹ́ náà lọ rèé. Ẹ gbé ìjókòó irin kalẹ̀, ẹ fi lẹ́fẹ̀lì wò ó, ẹ da sìmẹ́ǹtì sábẹ́ rẹ̀ kó kún láìsí ihò, ẹ jẹ́ kó gan dáadáa. Ẹ wá to coupling. Láti ẹnu pọ́ǹpù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ páìpù, kí ẹ máa lọ síta. Ẹni tó bá ti ara ògiri wá á fi pọ́ǹpù parí àṣìṣe gbogbo ìwọ̀n tó ti ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà. Páìpù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní irin tó gbé e dúró lẹ́bàá pọ́ǹpù, tó sì dá dúró lórí ilẹ̀ tirẹ̀. Bí ẹ bá fi ọwọ́ tì í tí pọ́ǹpù mì, ẹ tún irin kan fi kún un. Ẹ tún to coupling lẹ́yìn tí ẹ bá so páìpù tán, àti lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti ṣiṣẹ́ dé ìgbóná rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé páìpù rọ́bà onírọ̀ tí wọ́n fi sáàárín á gbà wọ́n lọ́wọ́ èyí. Bí kò bá ní ọ̀pá irin tó dì í mú, agbára omi á máa nà án, á sì máa ti pọ́ǹpù. Fún páìpù mìlímítà 100 tí agbára inú rẹ̀ jẹ́ bar 6, ìtì yẹn tó ẹrù kìlógíráàmù 480. Ẹ má ṣe ra èyí tí kò ní ọ̀pá ìdìmú.

Ẹ kíyè sí àwọn tó ń wẹ́ídì lẹ́bàá pọ́ǹpù náà. Bí wọ́n bá gbé wáyà áàtì ẹ̀rọ wẹ́ídì síbi tó jìnnà, iná wẹ́ídì á gba inú béárìn kọjá, á sì sun ojú rẹ̀. Wáyà áàtì wẹ́ídì gbọ́dọ̀ wà lára páìpù tí wọ́n ń wẹ́ídì gan-an, nítòsí ibi iṣẹ́.

Ní ti bóòtù, ẹ máa dì wọ́n ní ìkọjá-síra, kì í ṣe yíká: bóòtù mẹ́jọ á lọ ní 1, 5, 3, 7, 2, 6, 4, 8. Ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún agbára ìdì lákọ̀ọ́kọ́, ìdá 70 tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀. Kí páìpù tó wọ iṣẹ́, ẹ fi omi tẹ̀ ẹ́ dé ìlọ́po kan àbọ̀ agbára tí ó máa lò, kí pọ́ǹpù má sì sí nínú ìdánwò náà.

Wáyà wo, kí ni a gbé overload sí, star tàbí delta?

*A ní mọ́tò kìlówáàtì 15, féèsì mẹ́ta. Àwo tó wà lára rẹ̀ kọ 400/690. Iná wa jẹ́ fọ́ltì 400. Láti pánẹ́ẹ̀lì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 60. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là á yé wa.*

400/690 fi hàn pé kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan gba fọ́ltì 400. Star àti delta ni ọ̀nà méjì tí a ń gbà so kọ́ìlì mẹ́ta inú mọ́tò. Lórí iná 400, delta ni mọ́tò yìí á fi ṣiṣẹ́. Èyí tí àwo rẹ̀ bá kọ 230/400, kọ́ìlì rẹ̀ gba 230 péré, star ni dandan. Bí ẹ bá fi delta so ó, ẹ ti gbé fọ́ltì 400 lé kọ́ìlì 230 lórí, kò sì ní pẹ́ jóná. Bí a bá sì fi star so tiyín, tí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, agbára ìyípo rẹ̀ á wálẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́ta, á sì máa gbóná lábẹ́ ẹrù omi.

Nínú àpótí wáyà ara mọ́tò, star ni pé kí ẹ so W2, U2 àti V2 pọ̀ mọ́ra, kí féèsì mẹ́ta wọ U1, V1 àti W1. Delta ni pé kí U1 àti W2 wà pọ̀, V1 àti U2, W1 àti V2. Bí starter star-delta (èyí tó ń fi star bẹ̀rẹ̀ kó tó bọ́ sí delta) bá wà ní pánẹ́ẹ̀lì, wáyà mẹ́fà ló ń wá sídìí mọ́tò, gbogbo irin ìsopọ̀ inú àpótí náà sì gbọ́dọ̀ jáde. Bí ẹ bá fi irin ìsopọ̀ delta sílẹ̀ níbẹ̀, féèsì á kọlu ara wọn ní kété tí contactor star (ìyípadà tí iná fúnra rẹ̀ ń fà wọlé) bá wọlé.

Áńpìà tó ń lò wà lára àwo, òun ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ lè fi ìṣírò wò ó: 15000 tí a pín sí 1.73 × 400 × 0.85 × 0.90 jẹ́ bíi 28. Bí ó bá ń bẹ̀rẹ̀ tààrà, overload (ohun tó ń já iná mọ́tò bí áńpìà bá pọ̀ jù) wà ní 28, kì í ṣe 32 "kó má bàa máa já". Nínú star-delta, overload sábà máa ń jókòó sójú ọ̀nà kọ́ìlì, níbi tí ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún iná nìkan ń gbà kọjá. 16 ni ẹ máa gbé e sí níbẹ̀. Ẹni tó bá fi 28 síbẹ̀ kò ní ààbò kankan.

Fún wáyà bàbà, ìdínkù fọ́ltì rèé: 1.73 × áńpìà × mítà × 0.0225, kí ẹ pín in sí ìwọ̀n wáyà. Fún wáyà mìlímítà 6 (square): 1.73 × 28 × 60 × 0.0225 ÷ 6 jẹ́ fọ́ltì 10.9, ìdá 2.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó dára, torí ìdá 5 ni òpin tí ọ̀pọ̀ òfin iná gbà. Bí ọ̀nà náà bá jẹ́ mítà 120, ó ti di fọ́ltì 22, ẹ bọ́ sí 10 nìyẹn. Wáyà 10 náà ni kí ẹ lò bí ibẹ̀ bá gbóná tàbí tí wáyà púpọ̀ bá wà nínú páìpù kan. Níbi tí ooru bá dé digíríì 40, wáyà oníPVC kò lè gbé ju ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ìwé kọ lọ. Ẹ má ṣe ahun sí wáyà. Agbára ìyípo mọ́tò ń tẹ̀ lé fọ́ltì ní ìlọ́po ara rẹ̀: ní ìdá 85 fọ́ltì, ìdá 72 agbára ló kù nígbà tí ó ń gbìyànjú láti dìde.

Wáyà áàtì gbọ́dọ̀ tó wáyà féèsì títí dé 16. Fún féèsì tó ju 16 lọ dé 35, áàtì 16 tó. Kọjá 35, ìdajì rẹ̀.

Bíréékà: nígbà ìbẹ̀rẹ̀ tààrà, mọ́tò ń gba ìlọ́po 6 sí 8, ìyẹn bíi áńpìà 170 sí 220. Bíréékà C 32 lè já ní ìlọ́po 5 lásán, ẹ ó sì máa rò pé mọ́tò ló bàjẹ́. Ẹ lo irú D, tó ń fara da iná ìbẹ̀rẹ̀ ju C lọ, tàbí bíréékà mọ́tò, tàbí fíúsì aM tó wà fún mọ́tò.

Overload wà níbẹ̀, mọ́tò ṣì jóná

*Mọ́tò wa ti jóná lẹ́ẹ̀mejì, overload sì wà lórí rẹ̀. Ẹni tó ń yí kọ́ìlì ní pọ́ǹpù ló wúwo jù fún un.*

Ẹ sọ fún un kó má ṣe da kọ́ìlì tó jóná nù kí ẹ tó rí i, torí àwọ̀ rẹ̀ á sọ ohun tó pa á. Bí gbogbo kọ́ìlì bá dúdú bákan náà, ẹrù ló pọ̀ jù, tàbí afẹ́fẹ́ ìtutù kò ráyè. Bí mọ́tò star bá ní féèsì méjì tó jóná tí ẹ̀kẹta sì mọ́ tónítóní, tàbí tí mọ́tò delta ní ẹyọ kan tó jóná tí méjì sì mọ́, féèsì kan ló sọnù nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Mọ́tò tó ti ń yí kì í dúró nítorí èyí. Á máa fi méjì tó kù lọ, iná wọn á sì gòkè dé ìlọ́po 1.73 tàbí jù bẹ́ẹ̀.

Ibi tí féèsì máa ń sọnù kò pọ̀: fíúsì ẹyọ kan tó já, ojú contactor tó ti jẹ, orí wáyà tí bóòtù rẹ̀ ti tú. Ẹ fi relay tó ń ṣọ́ féèsì síbẹ̀. Ẹ tún wo overload náà bóyá wọ́n gbé e sí ìpadà fúnra rẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, á máa já, á máa tutù, á tún máa dá mọ́tò padà sínú ìyà kan náà títí á fi jóná. Kí ẹni kan máa fi ọwọ́ dá a padà lẹ́yìn tó bá ti wo ohun tó já a.

Bí fọ́ltì féèsì bá yàtọ̀ síra náà, ewu ni. Ká ní ẹ wọn 400, 392 àti 405: àárín rẹ̀ jẹ́ 399, èyí tó jìnnà jù fi 7 yàtọ̀, ìdá 1.75 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ áńpìà lè tó ìlọ́po 6 sí 10 rẹ̀. Bó bá dé ìdá 2, ẹ má fi gbogbo ẹrù lé mọ́tò náà mọ́.

Omi náà ń pa mọ́tò. Ẹ jẹ́ kí wáyà gba ìsàlẹ̀ wọ àpótí, kí ó kọ́kọ́ rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí ó tó gòkè wọlé, kí omi lè kán sílẹ̀ níbi tó rọ̀ sí. Gland (ohun ìdí ẹnu ibi tí wáyà gbà wọ àpótí) tó bá wáyà mu ni kí ẹ lò; èyí tó fẹ̀ jù tí wọ́n fi téépù dí kò dí ohunkóhun.

Inverter

*A fẹ́ lo inverter láti máa dín eré pọ́ǹpù kù. Kí ni kí a ṣọ́ra fún?*

Wáyà tí wọ́n fi àwọ̀n irin bo ni kí ó wà láàárín inverter àti mọ́tò, kí ẹ di àwọ̀n náà mọ́ áàtì yíká-yíká ní orí méjèèjì. Ẹ má fi kapásítọ̀ sójú ọ̀nà náà, ẹ má sì fi contactor já a nígbà tí mọ́tò ń yí. Ẹ tú wáyà mọ́tò kúrò lára inverter kí ẹ tó gbé megger (ẹ̀rọ tí a fi ń wò bóyá iná ń jò láti kọ́ìlì) lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ inverter ló máa kọ́kọ́ kú.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a máa tan án

*Gbogbo ìsopọ̀ ti parí. Báwo ni kí a ṣe tan pọ́ǹpù náà lẹ́ẹ̀kíní?*

Ẹ fi omi fọ inú páìpù kí ẹ tó so ó mọ́ pọ́ǹpù, torí pé eérú wẹ́ídì àti ìdọ̀tí irin máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ fi asẹ́ kékeré sójú ọ̀nà ìfami fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sì rántí yọ ọ́.

Ẹ fi megger fọ́ltì 500 wọn kọ́ìlì sí ara mọ́tò. Mẹ́gáòmù 1 ni ìwọ̀n tó kéré jù tí a gbà. Mọ́tò tuntun tó gbẹ sábà máa ń fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún hàn. Bó bá kéré, ẹ gbẹ ẹ́ kí ẹ tó tan án.

Ẹ tú coupling, ẹ tan mọ́tò fún ìṣẹ́jú àáyá kan kí ẹ wo ibi tó yí sí. Ẹ má dán èyí wò pẹ̀lú pọ́ǹpù tí wọ́n fi ìdè yíyí so abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọ̀pá, torí pé bó bá yí sódì, abẹ̀bẹ̀ á tú, á sì há mọ́ ara pọ́ǹpù. Bí ìyípo bá sódì, ẹ pààrọ̀ féèsì méjì èyíkéyìí. Ẹ má ṣe gbà pé omi tó jáde fi hàn pé ìyípo tọ́: pọ́ǹpù alábẹ̀bẹ̀ tó ń yí sódì ṣì ń gbé omi, kò kàn gbé tó ni.

Ẹ so coupling padà, ẹ fi ìbòjú rẹ̀ bò ó. Ẹ ṣí fáàfù ìfami tán pátápátá, ẹ kún pọ́ǹpù, ẹ tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde títí omi á fi máa jáde láìsí ìfófó. Pọ́ǹpù tó yí láìsí omi nínú rẹ̀ lè sun mechanical seal (ohun ìdí ojú ọ̀pá tí àwọn pọ́ǹpù kan ń lò dípò pákínnì) láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìdí nìyí tí flóòtì tàbí elekitíródù tó ń pa á nígbà tí omi kòtò bá tán fi gbọ́dọ̀ ti wà nínú wáyà ìdarí kí ẹ tó tan án. Bó bá jẹ́ pọ́ǹpù alábẹ̀bẹ̀, ẹ jẹ́ kí fáàfù ìtújáde ṣí díẹ̀ péré, ẹ tan án, ẹ wo géèjì kó gòkè, kí ẹ sì máa ṣí fáàfù náà díẹ̀díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ má fi í sílẹ̀ lórí fáàfù títì, omi inú rẹ̀ á máa gbóná.

Ẹ wọn áńpìà féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nígbà tí fáàfù ti ṣí dé ìwọ̀n omi tí ẹ fẹ́. Bó bá kọjá ohun tó wà lára àwo, pọ́ǹpù ń gbé omi ju bó ti yẹ lọ. Ẹ ti fáàfù ìtújáde díẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan ti ìfami. Pákínnì yẹ kó máa kán bíi ẹ̀kán 40 sí 60 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ má fún un kó gbẹ. Mechanical seal kò gbọdọ̀ kán.

Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, ẹ pa á, ẹ ti ìyípadà rẹ̀ pẹ̀lú àgádágodo, ẹ wo coupling pẹ̀lú géèjì kó tó tutù, kí ẹ sì tún gbogbo bóòtù orí wáyà dì, ní pánẹ́ẹ̀lì àti lára mọ́tò. Ẹ kọ áńpìà mẹ́ta, fọ́ltì mẹ́ta, agbára géèjì méjèèjì àti ìwọ̀n ooru béárìn sínú ìwé ẹ̀rọ náà, kí ẹ lè fi wọ́n wé ohun tí ẹ bá wọn ní oṣù mẹ́ta sí i.